Ẹ́ńjìnnì Tí Owú Mi Rà

Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì mọ́tò wa kú, èmi ni mo jókòó síwájú pẹ̀lú ìdì aṣọ kákí lórí itan, nítorí pé ẹ̀yìn mọ́tò ti kún. Agége la ti ń bọ̀, à ń padà sílé wa n'Íkẹjà. Ọkọ mi ń wakọ̀, ó ń súfèé. Lójijì, ohun kan dún lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ìgbà tí odó là, èéfín funfun bo ojú wa, mọ́tò náà sì rọra ń fà títí ó fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko obì kan. Ọkọ mi ò sọ̀ kalẹ̀ bọ̀rọ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó ní, "Ó ti parí."

Télọ̀ ni ọkọ mi. Ògbómọ̀ṣọ́ làwa méjèèjì ti wá. Nígbà tí mò ń wí yìí, ó ku ọdún díẹ̀ kí ìlú yìí gba òmìnira. Wọ́n ń gé igbó Ìkẹjà lulẹ̀, wọ́n ń kọ́ ilé iṣẹ́ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ilé iṣẹ́ tó bá sì ṣí ń wá ẹni tí yóò rán aṣọ iṣẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ọkọ mi rí iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ méjì nínú wọn. Èmi ń ta òwú, bọ́tìnnì àti abẹ́rẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọwọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló ti ra mọ́tò náà. Kékeré ni, àwọ̀ ewé, wọ́n ti ṣe é kí ogun Jámánì tó bẹ̀rẹ̀, iná iwájú rẹ̀ sì yọ síta bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Àwọn èèyàn a máa fi í rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi kì í bá wọn rín in. Bó bá ti kírun òwúrọ̀ tán, mọ́tò ló kàn tí yóò nù, kó tó bèèrè oúnjẹ.

A tì í dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì wa, bàbá àgbàlagbà kan ará Ọ̀yọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò nítòsí rélùwéè Ìkẹjà. Ó tú ẹ́ńjìnnì náà, ó fi ìka tọ́ ibi tó ti là.

"Bí mo bá lẹ̀ ẹ́, á tún là," ló wí. "Ẹ lọ wá òmíràn."

Ọkọ mi bi í pé níbo. Ó ní tuntun wà ní ilé ìtajà òyìnbó l'Ékòó, ṣùgbọ́n owó ọ̀kan á ra mọ́tò wa lẹ́ẹ̀mejì. Ọgbọ̀n pọ́n-ùn ló wà lọ́wọ́ wa, gbogbo ẹ̀ náà sì nìyẹn.

"Àlòkù ni kẹ́ ẹ wá nígbà yẹn. Ẹ lọ bá Ìyá Onírin l'Ágége. Bí kò bá sí lọ́dọ̀ ẹ̀, kò sí níbì kankan nìyẹn."

Nígbà tí mo gbọ́ "ìyá", arúgbó kan tí eyín ti ká lẹ́nu ló wá sí mi lọ́kàn. Ara mi balẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ọkọ mi lọ, ìgbà tó dé, mo gbé oúnjẹ fún un, mo bi í pé báwo ni ìyá náà.

"Ìyá kọ́ o," ló wí. "Bóyá ló fi ọdún méjì jù ọ́ lọ. Opó ni. Ọkọ ẹ̀ ló ní ọgbà irin yẹn kó tó kú." Ó bu òkèlè, ó gbàgbé rẹ̀ sọ́wọ́. "Obìnrin yẹn! Ó ní kí n máa fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì kan, ó gbé orí irin kan lé e lára, ó gbé ìdí irin náà sétí. Ó ní kò dáa, pé nǹkan kan ti jẹ sílíńdà kẹta. A ṣí i. Bẹ́ẹ̀ ló rí gẹ́lẹ́! Ó lè tà á fún mi kí n máà mọ̀, ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní ta ìyẹn fún mi."

Ó ń sọ ọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Ilá àsèpọ̀ pẹ̀lú ẹja tútù ni mo sè fún un lọ́jọ́ náà, ọbẹ̀ tó fẹ́ràn jù, kò sì mọ ohun tó jẹ. Òwú ni mò ń tà o, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, owú ni mò ń jẹ.

Ó tún lọ lẹ́ẹ̀kejì, ó ní wọ́n fẹ́ fi okùn wọn ẹ́ńjìnnì. Ó lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní wọ́n ń fọ ọ̀kan kí wọ́n lè rí ìdí rẹ̀ dáadáa. Bó bá ti dé, màá gba dàńṣíkí rẹ̀ bíi pé mo fẹ́ fọ̀ ọ́, màá gbé e símú. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń rùn. Kò yẹ kí ìyẹn bà mí nínú jẹ́, ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé bí lọ́fíńdà ṣe wà fáwọn obìnrin mìíràn, ọ́ìlì ni lọ́fíńdà ti eléyìí.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, mo ní èmi náà ń bọ̀.

Ẹ̀yìn ojú irin ni ọgbà náà wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn Hausa ti ń fi ewé di obì sínú agbọ̀n. Bí rélùwéè bá ń kọjá, ilẹ̀ á mì, gbogbo irin inú ọgbà á máa dún wọnranwọnran. Àwọn ẹ́ńjìnnì wà lórí pákó lábẹ́ páànù, wọ́n fi àpò ìdọ̀họ bò wọ́n. Obìnrin náà jáde sí wa. Ó ga, ó dúdú, ó wọ ẹ̀wù kákí ọkùnrin lórí ìró, ọ́ìlì sì dé ìgúnpá rẹ̀. Kò lẹ́wà. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ká ní ó lẹ́wà ni, ǹ bá mọ ohun tí mò ń bá jà. Mo wo ẹ̀wù rẹ̀, mo rí i pé bọ́tìnnì méjì ti já láyà rẹ̀, ó fi abẹ́rẹ́ olórí so ó pọ̀.

"Ìyàwó télọ̀, ẹ káàbọ̀ o," ló wí. "Ọkọ yín ti sọ̀rọ̀ yín títí."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Pé ẹ kì í jẹ́ kí wọ́n náwó ní ìnákúnàá." Ó rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín. Èmi ò rín.

Ó ṣí àpò lórí ẹ́ńjìnnì méjì. Àkọ́kọ́ kéré, ó dúdú, ìdọ̀tí ti gan mọ́ ọn lára. Inú mọ́tò irú tiwa tó ré sí kòtò lọ́nà Ọ̀tà ni wọ́n ti yọ ọ́. Èkejì tóbi, ara rẹ̀ mọ́, inú mọ́tò akẹ́rù ló ti wá. Mo tọ́ka sí èyí tó tóbi, mo ní ṣe bí ìyẹn ló dáa.

"Ó dáa," ló dá mi lóhùn, "ṣùgbọ́n kò dáa fún yín. Bẹ́ ẹ bá rà á, ẹ óò gé iwájú mọ́tò kó tó wọlé. Rédíétọ̀ yín ò ní lè tù ú lára, gíà yín ò sì ní lè gbé agbára ẹ̀. Owó tẹ́ ẹ fi rà á, ìdajì ni. Ibi tẹ́ ẹ ti ń gbìyànjú àtigbé e wọlé lẹ ó ti ná ìyókù. Kékeré yìí ò lè sáré, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀ ló ń lọ. Ẹ kàn máa gbé e síbẹ̀ ni."

Pọ́n-ùn méjìdínlọ́gbọ̀n ló pè é. Ọkọ mi wo ojú mi, mo wo ilẹ̀. A ní a óò padà wá lọ́jọ́ Ajé.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo wọ inú ṣọ́ọ̀bù láti lọ gbé sísọ́ọ̀sì. Mo bá ẹ̀wù kákí kan lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti lọ̀ ọ́, bọ́tìnnì tuntun méjì ló sì wà láyà rẹ̀. Bọ́tìnnì yẹn, èmi ni mo lọ rà á l'Ékòó. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ eyín ọmọ mi.

"Ẹ̀wù ta nìyí?" mo bi ọkọ mi.

"Ti Ìyá Onírin ni. Ó fi rán mẹkáníìkì sí mi pé bọ́tìnnì ẹ̀ já."

"Bọ́tìnnì mi lẹ fi tún un ṣe."

"Méjì péré mà ni. Ó sì ti dín pọ́n-ùn kan kù fún wa lórí ẹ́ńjìnnì yẹn."

Mo rò ó wò pé ọkọ mi jókòó, ó tẹ orí ba, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán bọ́tìnnì mọ́ àyà ẹ̀wù obìnrin mìíràn. Irọ́ bọ́ sí mi lẹ́nu kí n tó mọ̀.

"Bàbá àwọn ọmọ, mi ò fẹ́ ẹ́ńjìnnì yẹn mọ́. Àbúrò ìyá mi tó wà ní Múṣin ní ọ̀kan, ó tóbi jù ú lọ, owó ẹ̀ sì kéré. Àbí ẹ ò fẹ́ kí ẹbí mi jẹ lára yín ni?"

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni irọ́. Awakọ̀ ẹrù ni àbúrò ìyá mi, lóòótọ́ ló sì ń wá ẹni tó máa ra ẹ́ńjìnnì kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ò rí ẹ́ńjìnnì náà rí, mi ò sì mọ̀ bóyá ó dáa. Ọkọ mi yíjú sí mi.

"Ṣé ohun tó wà nínú rẹ nìyẹn?"

"Ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn."

Ó ká ẹ̀wù náà dáadáa, ó fi rán mẹkáníìkì sí Agége. Lọ́jọ́ Ajé, Múṣin la gbà lọ.

Ẹ́ńjìnnì àbúrò ìyá mi wù mí púpọ̀. Wọ́n ti kùn ún ní ọ̀dà pupa, ó ń dán. Pọ́n-ùn mẹ́rìnlélógún ni. Nígbà tí a gbé e dé abẹ́ igi máńgòrò, mẹkáníìkì yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró.

"Ta ló yan èyí?"

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ọkọ mi ti gbà á lẹ́nu mi. "Àwa méjèèjì la yàn án."

Gbogbo ohun tí obìnrin yẹn wí ló ṣẹ, ọ̀kan ò yẹ̀. Wọ́n gé iwájú mọ́tò. Wọ́n jó irin tuntun mọ́ ọn kí ẹ́ńjìnnì lè ríbi jókòó. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ò pa dé mọ́, wọ́n fi okùn dè é. Lóòótọ́, wọ́n lọ wá rédíétọ̀ mìíràn, ìyẹn náà ò wọlé, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n fi tipátipá tì í síbẹ̀. Owó tó kù lọ, owó tí mo fẹ́ fi ra òwú lọ, a sì yá díẹ̀ lé e. Ní gbogbo ìgbà tí mẹkáníìkì bá ní kí a tún mú nǹkan wá, èmi ni mo máa ń yára dìde jù, kí ọkọ mi má baà ráyè ronú.

Nígbà tó yá, ẹ́ńjìnnì náà dáhùn. Áà! Ó ké bíi kìnnìún. Mọ́tò kékeré tí àwọn èèyàn fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ wá ń fò. Mo jókòó síwájú, mo wé gèlè tuntun, mo ní kí ọkọ mi gba Agége kọjá, pé mo fẹ́ ra obì. Irọ́ ni, kò sẹ́ni tó ń jobì nílé wa. Nígbà tí a dé ẹ̀gbẹ́ ojú irin, ó dúró lẹ́nu ọgbà rẹ̀ nínú ẹ̀wù kákí náà. Ó juwọ́ sí wa, ó rẹ́rìn-ín. Mo gbé àgbọ̀n sókè. Lẹ́yìn náà mo rí i tó tẹ etí sílẹ̀, tó ń fetí sí ẹ́ńjìnnì wa bí a ti ń kọjá lọ, ẹ̀rín náà sì kúrò lójú rẹ̀. Inú mi dùn. Mo rò pé owú ló ń jẹ.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni a fi gbádùn rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá, bó ti ku díẹ̀ kí a dé ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ kan tí a fẹ́ kó aṣọ fún, gíà mọ́tò náà fọ́. Mo gbọ́ bó ṣe ń rún bí ìgbà tí ajá ń họ eegun. Omi hó ní rédíétọ̀, ó ń ta jáde. A kó ìdì aṣọ sórí, èmi àti ọkọ mi, a rù ú wọlé lójú gbogbo àwọn òṣìṣẹ́. A ti pẹ́. Ọ̀gá tó ń gba aṣọ sọ pé ìgbà kẹta tí a máa pẹ́ nìyí láti ìgbà tí mọ́tò ti bàjẹ́. Ó ní òun máa pín iṣẹ́ náà sí méjì, kí òun fún télọ̀ mìíràn ní ìdajì.

Ọkọ mi ò bá mi wí. Ká ní ó bá mi wí ni, tàbí kó tiẹ̀ na ọwọ́ sí mi lójú, kí n rí ohun tí màá fi bínú. Ó kàn ń rán aṣọ díẹ̀ tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Kò súfèé mọ́.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó lè gbé ìtìjú náà mì. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, bí ọkọ mi ti gba mọ́ṣáláṣí lọ, mo ti ìsọ̀, mo wọ mọ́tò èrò lọ sí Agége. Mo bá Ìyá Onírin níbi tó gbé ń fi kẹrosíìnì fọ irin. Ó nu ọwọ́, ó gbé àpótí fún mi.

"Ẹ káàsán, ìyàwó télọ̀. Ṣé àlàáfíà ni?"

"Ẹ́ńjìnnì kékeré yẹn," mo wí. "Ṣé ó ṣì wà?"

"Tíṣà kan ti rà á lóṣù tó kọjá."

Mo bú sẹ́kún. Mi ò mọ ìgbà tó bọ́ lójú mi. Ó jẹ́ kí n sun ún tán. Lẹ́yìn náà ló ní, "Gíà yín ló fọ́, àbí? Ọjọ́ tẹ́ ẹ kọjá níbí ni mo ti gbọ́ ọ. Ó ń sunkún, mo sì mọ̀ pé kò ní pẹ́ fọ́."

"Ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi," mo wí. "Kì í ṣe pé ẹ́ńjìnnì yín ò dáa."

"Mo mọ̀. Ẹ̀ ń jowú mi ni. Ẹ̀yin nìkan kọ́. Gbogbo ìyàwó tí ọkọ wọn bá ti wá síbí lẹ́ẹ̀mejì ló máa ń wá wojú mi lẹ́ẹ̀kẹta." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó dẹ́kun. "Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ̀kan fún yín. Bíréèkì ló pa ọkọ mi. Mo ti gbọ́ ohun tí bíréèkì yẹn ń sọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ní kó má gbé ọkọ̀ yẹn jáde. Ó ní kí ni obìnrin mọ̀. Ọjọ́ tí mẹkáníìkì mú ẹ̀wù mi wá, tó ní ìyàwó télọ̀ ló ní kí wọ́n má ra tèmi mọ́, tí ọkọ yín sì gbà, mo wọlé lọ jókòó. Mo ní, irú ọkọ wo lèyí? Ó mọ̀ pé tèmi ló dáa, ó sì tún gbọ́ tìyàwó ẹ̀. Èmi gan-an ni mo jowú yín lọ́jọ́ náà, dé ibi tí mi ò lè jẹun."

Rélùwéè kan kọjá, gbogbo irin sì ń dún. Nígbà tó lọ tán, ó dìde.

"Ẹ wá. Méjì ṣì wà tó jẹ́ irú tiyín. Àmọ́ mi ò ní bá yín yàn án. Ẹ̀yin lẹ máa yàn án."

Ọ̀kan mọ́ tónítóní, èkejì dà bí ìdí ìkòkò. Ó fa ọ̀pá tín-ínrín kan yọ lára èyí tó mọ́, ó gbé e sábẹ́ ojú mi. Ọ́ìlì orí rẹ̀ funfun bí ògì.

"Omi ti wọ inú ẹ̀ nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá rí báyìí níbikíbi, ẹ sá."

Ó fa ti èkejì. Ọ́ìlì ìyẹn dúdú, kò lómi. Ó wá fi irin tí wọ́n ń fi yí ẹ́ńjìnnì lé mi lọ́wọ́. Mo yí èyí tó mọ́, ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sí nǹkan kan tó dá ọwọ́ mi dúró, bí ohun tí kò lágbára nínú mọ́. Mo bọ́ sórí èyí tó dọ̀tí. Mo tì í, ó kọ̀, mo tẹra mọ́ ọn, ó sì ta ọwọ́ mi padà, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, bí ọmọ tó ń tàpá nínú ìyá rẹ̀. Mo bọ́ ọwọ́ kúrò, mo tún fọwọ́ bà á.

"Èyí ni," mo wí. "Èyí ló yè."

"Èmi náà ì bá yàn án," ló dáhùn.

Ó ní òun á gba ẹ́ńjìnnì pupa náà lọ́wọ́ wa, pé oníbúrẹ́dì kan ń wá irú rẹ̀ sí mọ́tò akẹ́rù rẹ̀, pé níbẹ̀ ló ti máa wúlò. Mo fi owó èésú mi dí ohun tó kù. Ó tún wá gíà àlòkù kan sí i, kò gbowó ìyẹn.

Ọkọ mi ti dé láti mọ́ṣáláṣí nígbà tí mo wọlé. Ọ́ìlì wà lọ́wọ́ mi, ó wà lára ìró mi.

"Níbo lo lọ?"

"Mo lọ sí Agége."

"Ṣe kí ni?"

"Mo lọ ra ẹ́ńjìnnì."

Ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Ó tóbi bí?"

"Kékeré ni. Mo fa ọ̀pá ọ́ìlì ẹ̀ yọ, mo sì fọwọ́ yí i. Kò lómi nínú."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó di inú mú. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ní kó foríjì mí nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀wù yẹn.

"Ẹ̀wù wo?" ló bi mí.

Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá lóòótọ́ ló ti gbàgbé, àbí ó fẹ́ bò mí láṣìírí ni.

Ẹ́ńjìnnì kékeré náà wọlé bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ bàtà rẹ̀. Kò sáré rí. Kẹ̀kẹ́ a máa kọjá wa ní ibi tí ọ̀nà bá ti gòkè díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dá wa dúró sójú ọ̀nà mọ́, lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé iṣẹ́ náà sì dá ìdajì iṣẹ́ wa padà.

Ẹ má rò pé owú tán nínú mi o. Bí ọkọ mi bá ní òun ń lọ ra pílọ́ọ̀gì l'Ágége, èmi á máa wo oòrùn. Mo ti mọ obìnrin náà, mo fẹ́ràn rẹ̀, mo máa ń gbé ọbẹ̀ lọ fún un, tó bá sì tún ní bọ́tìnnì tó já, èmi fúnra mi ni mo ń gbà á rán. Síbẹ̀, bó bá sọ̀rọ̀ tí ọkọ mi rẹ́rìn-ín, nǹkan kan á ta mí láyà.

Nígbà tó yá, òṣìṣẹ́ rélùwéè kan tó ń gba ẹ̀yìn ọgbà rẹ̀ kọjá wá fẹ́ ẹ. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó náà, kò sẹ́ni tó jó tó mi. Mo sáré kiri, mo ń bu oúnjẹ, mo ń gba àlejò, àwọn ará ọkọ tiẹ̀ rò pé àbúrò rẹ̀ ni mí. Ìyàwó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Aṣọ òfì ló wọ̀ lọ́jọ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó sì lẹ́wà.

"Ìyàwó télọ̀," ló rọra sọ sí mi létí, "ṣé ọkàn yín ti balẹ̀ báyìí?"

Mo wo ẹ̀yìn, mo rí ọkọ mi lọ́ọ̀ọ́kán, tó tẹjú mọ́ wa, tó ń rẹ́rìn-ín.

"Ó kù díẹ̀," mo dá a lóhùn.